Ọ̀túnba Gbé Àgbọ̀nrín Gun Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Fáàrí Ìjẹ̀bú kì í tán. A ti fi dàńdógó ṣe é, a ti fi ẹṣin ṣe é ní Ojúde Ọba, a fi owó tuntun ṣe é lójú agbo títí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn tó ń náwó lọ sí kóòtù. Ohun tó kù tí a kò tíì fi ṣe fáàrí ni òkú ẹran. Ìyẹn náà ti dé báyìí.

Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ewéko igbó ti gbẹ, ẹ lọ dúró sí ẹ̀bá márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní, níbi tí wọ́n ti ń yà wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé. Ẹ máa rí jíìpù mẹ́ta tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn, iná wọn ń ṣẹ́jú, fèrè wọn kò sinmi. Èyí tó ṣíwájú ló gbé àgbọ̀nrín sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n na ẹran náà gbalaja, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ìwo rẹ̀ kọjú sí gíláàsì, okùn ọ̀rá aláwọ̀ yẹ́lò sì gba ọrùn rẹ̀ wọ inú mọ́tò láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn gíláàsì yẹn ni Ọ̀túnba jókòó sí. Ó dé fìlà àwọn darandaran Amẹ́ríkà, ó wọ bàtà òjò tí ẹrẹ̀ kò kàn rí. Òun lọdẹ. (Aṣọ tó jọ ti sójà tó rà mọ́ fìlà náà wà nínú báàgì. Ó ń wọ̀ ọ́ nínú igbó, ó ń bọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà.)

Kí ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ wa gbọ́, Ọ̀túnba kọ́ ló yìnbọn. Bàbá ọdẹ kan tí wọ́n fún ní owó epo, ìgò ọtí kan àti ọta márùn-ún ló wọ igbó láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ó de tọ́ọ̀ṣì mọ́rí, ó ń wá ojú ẹran tó máa tàn yanran nínú òkùnkùn. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Ọ̀túnba wà nínú jíìpù lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó ń bi dírẹ́bà bóyá nẹ́tíwọọ̀kì wà níbẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ "gbòlà!" ló bọ́ sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan lé ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gba ìbọn lọ́wọ́ Bàbá, fótò sì bẹ̀rẹ̀.

Òkú ẹran kì í dúró de fótò. Akọ àgbọ̀nrín tó bó dáadáa lè wọn 50 kìlò. Nígbà tó ń ṣubú, ara rẹ̀ gbóná tó 38 dígírì, inú rẹ̀ kún fún ewé tó jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá a da ewé yẹn kò mọ̀ pé onílé ti kú. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń bá lọ. Ewé ń hó, afẹ́fẹ́ ń kún ikùn, awọ àti irun sì bo ooru mọ́ inú bíi kúbùsù. Kò pẹ́ kí ikùn tó le bí ìlù. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i láìtú u, ẹran itan tó sún mọ́ egungun, níbi tó nípọn jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í kan láti inú wá. Ẹni tó ń wò ó lóde kò ní mọ̀.

Iṣẹ́ tí Bàbá ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun ṣe kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Á dá ẹran náà dùbúlẹ̀ ẹ̀yìn, á là á láti ìsàlẹ̀ igbá àyà dé abẹ́, ìka méjì á wà lábẹ́ ọ̀bẹ kí ṣóńṣó rẹ̀ má bàa gún àpòlúkù. Á gé yí ihò ìdí ká, á fà á síta díẹ̀, á fi okùn so ó, kí ìgbẹ́ má bàa dà sí itan. Á fún ọrùn àpò ìtọ̀ pa kó tó gé e. Á rọra yọ ẹ̀dọ̀, torí òróòro ń bẹ lára rẹ̀. Á na ọwọ́ wọ inú àyà lọ sókè, á gé ọ̀nà ọ̀fun kúrò pátápátá. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kánjú máa ń fi sílẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa ń tètè rùn. Lẹ́yìn náà, á fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀. Kò ní fi omi àbàtà fọ̀ ọ́ láéláé. Á wá fi igi kékeré kan la igbá àyà sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ẹran náà ló máa kù sínú igbó, àwọn tó fẹ́ gbé e dé ojú ọ̀nà á sì dúpẹ́.

"Bàbá, ẹ má tíì fi ọ̀bẹ kàn án o. Tẹ́ ẹ bá là á, kò ní yọ dáadáa nínú fótò."

"Ọ̀túnba, ẹran yìí ń wú o."

"Ẹ jẹ́ kó wú. Á tún tóbi sí i."

Ibo lọ̀rọ̀ yìí ti wá? Inú fóònù ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ẹran kan tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé àgbọ̀nrín ni. Ọ̀tọ̀ ni tiwọn, ọ̀tọ̀ ni tiwa. Ìwo tiwọn yọ ẹ̀ka bí igi, ó ń já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á tún hù. Ìwo àgbọ̀nrín tiwa lọ́ bí okùn, kò lẹ́ka, ó sì di ọjọ́ ikú. Tiwọn kò ní àpò òróòro rárá, tiwa ní in. Ẹni tó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹran lórí fóònù ló máa ń bẹ́ òróòro sórí ẹ̀dọ̀, tí á wá máa bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló dé tí ọbẹ̀ korò. Lóòótọ́, àwọn bàbá wọn gbé ẹran sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà kan. Ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣọdẹ rẹ̀, nígbà tí yìnyín ti ń bọ́ lójú ọ̀run, tí gbogbo ìta ti di fíríìjì. Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ wọn ti fi í sílẹ̀. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ni wọ́n ń gbé e sí, tàbí orí àgbékà irin tí wọ́n so mọ́ ìdí mọ́tò. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀ ni kò fẹ́ kí ọdẹ gbé odidi orí tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹran wọlé láti agbègbè tí àrùn kan tó ń jẹ ọpọlọ ẹran náà bá ti wà. Ọ̀túnba kò wo ibẹ̀ yẹn. Fídíò tó wò kò pé ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ẹ́ńjìnnì wà. A mọ̀ pé ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde. Omi tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká máa ń gbóná tó 90 dígírì tí mọ́tò bá ń sáré, páànù tó wà lórí rẹ̀ kò sì ṣeé gbé ọwọ́ lé pẹ́. Ẹran tí Bàbá fẹ́ kó tutù ni Ọ̀túnba gbé ka orí ààrò, tí oòrùn ọyẹ́ sì tún ń yan lókè. Àwọn kan ní atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i. Atẹ́gùn wo? Eruku ilẹ̀ pupa ni láti inú igbó dé títì, èéfín tírélà ni láti títì dé ìlú.

Itan ẹran á rọ̀ bo iwájú mọ́tò, ibi tí rédíétọ̀ ti ń mí. Ẹ wo ọwọ́ tó ń fi ooru hàn bó ṣe ń gòkè. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọdẹ jíìpù fi máa ń dúró lójú ọ̀nà tí wọ́n á ní àwọn ń ya fótò. Wọ́n ń dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù ni. Okùn ọ̀rá náà kò dára: ó ń yọ̀, ó ń fà bí ooru bá mú un, kókó rẹ̀ á sì tú. Ọlọ́kadà tí kò lọ sí Amẹ́ríkà rí mọ̀ pé rọ́bà tíúbù tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń di ẹrù mú, torí bí ẹrù bá ṣe ń mì ni rọ́bà ń fún un. Okùn tó gba ojú fèrèsé kọjá kò ní jẹ́ kí fèrèsé tì, gbogbo eruku Ìjẹ̀bú á wá bá Ọ̀túnba lórí ìjókòó aláwọ. Tí dírẹ́bà bá wá tẹ bíréèkì lójijì níbi bọ́ǹpù ńkọ́? Àádọ́ta kìlò á fò lọ síwájú. Tó bá tún tẹ iná, á yọ̀ padà sẹ́yìn, ìwo á sì kan gíláàsì kàrà. A ti mọ ẹni tí àgbọ̀nrín ti gbẹ̀san lára rẹ̀ lẹ́yìn ikú.

Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ ní àwọn á gbé e sórí òrùlé mọ́tò. Ó dáa. Ní kọ́ọ̀nà àkọ́kọ́, ẹrù tó ga yẹn á máa fa mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ṣàn sọ̀kalẹ̀ lára ilẹ̀kùn bí ẹni pé ìjàǹbá ọkọ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀.

Bọ́ọ̀tù? Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó gbóná, kò sí afẹ́fẹ́, eégbọn tó ń bọ́ kúrò lára ẹran tó ti ń tutù á sì wá ilé tuntun lára ìjókòó. Ẹ̀jẹ̀ á gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì wọ ihò tí sípíà táyà wà, á dì síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bá ara rẹ̀ nínú irú wàhálà yìí, omi tútù ni kó kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ le mọ́ aṣọ ni.

Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹran tó ṣeé jẹ, nǹkan tó máa ṣe kò le. Kó ti tú u nínú igbó. Kó tẹ́ pátákó méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn Hilux, kó da imọ̀ ọ̀pẹ tútù lé e, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ẹran kọjá. Irin ẹ̀yìn ọkọ̀ náà máa ń gbóná. Kó rọ omi sínú ìgò tàbí ọ̀rá, kó sọ ọ́ di yìnyín láti ilé, kó kó o sínú igbá àyà àti sí àárín itan méjèèjì. Yìnyín tí a dà síbẹ̀ láìdì í á yọ́, omi rẹ̀ á rin ẹran, ẹran tó bá sì ti rin kì í pẹ́ bàjẹ́. Kó so ọrùn àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ ìkọ́ inú ọkọ̀. Kó ta tapólì sókè bí àtíbàbà. Kó má fi wé e, torí ẹran tí a fi tapólì wé ń sè nínú ara rẹ̀. Kó wá gbéra ṣáájú agogo méje, kó tó di pé oòrùn àti eṣinṣin jí. Tó bá jẹ́ ọ̀kadà ló ní, kó jìnnà sí sàlẹ́ńsà, torí itan tó kan án á ti jinná lápá kan kó tó délé. Ẹ ò rí i pé kò sí àyè fótò nínú gbogbo èyí.

Ọdẹ gidi kì í sì í fi ẹran hàn. Ẹran tó wà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ kò sí ẹni tó máa bi í. Èyí tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹni tó dúró lójú ọ̀nà ló máa kí i: "Ọ̀túnba, ẹ kú ọdẹ o! A ò ní jẹ níbẹ̀ ni?" Itan kan á bọ́ síbí, apá kan á bọ́ sọ́hùn-ún. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ọ̀túnba kò jìyà kankan, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń là. Ó tún máa kọ ọ́ sábẹ́ fótò pé igbó J4 lòun ti pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ẹ̀ṣọ́ igbó? Igbó Ọmọ tó wà níbẹ̀, tí erin ṣì ń rìn nínú rẹ̀, ìjọba ti dá a sí láti ọdún 1925. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé ìbọn wọ̀ láìgba ìyọ̀ǹda.

Nígbà tí wọ́n fi yí ìlú ká tán, tí wọ́n fi han régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, tí wọ́n tún gbé e dúró níwájú ilé ìyá Ọ̀túnba kí Màmá lè gbàdúrà sí i, ó ti di agogo méjì ọ̀sán. Wọ́n gbé e fún alásè. Ìyá náà fi àtàǹpàkò tẹ itan tó kù, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wo àwọ̀ ewé tó ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Kò sọ nǹkan kan. Ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ ra òyà yíyan mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì. Bẹ́ẹ̀ làwọn àlejò ṣe ń fi ìkọ́kọrẹ́ gbé òyà mì, tí wọ́n ń yin ìbọn Ọ̀túnba. Ẹni tó bá sọ fún wọn pé àgbọ̀nrín èṣí ni wọ́n ń jẹ lọ́bẹ̀ kò bú wọn. Ti èṣí tí wọ́n yan gbẹ sàn ju ti àárọ̀ yìí lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀túnba ń lọ sí Èkó. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú mọ́tò wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lábẹ́ wáípà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ àti irun ọjọ́ Sátidé dì sí. Kó tó dé Bẹ́gà ló tan ẹ̀rọ amútùútù. Irun pupa méjì ló kọ́kọ́ fẹ́ jáde, òórùn tẹ̀lé e. Ó ṣí gbogbo fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pe Bàbá ọdẹ.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Sátidé tó ń bọ̀ yẹn, ṣé a ò ní kúkú gbé e sórí òrùlé?"

"Ọwọ́ yín ló wà, Ọ̀túnba. Ẹ ṣáà rántí owó epo."