Ẹ yọ ti aró kúrò kí ẹ tó kọ nọ́ńbà sára túùbù!

Ó ti sú mi! Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí BSA, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù, tí ẹ̀gbọ́n kan ní láàbù wa n'Ìbàdàn níbí ti fi FITC, aró kan tó máa ń tàn, kùn. Túùbù kékeré, wọ́n fi fọ́ìlì wé e bíi mọ́ínmọ́ín kí ìmọ́lẹ̀ má baà ba aró jẹ́, wọ́n sì kọ bí purotéènì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó gàdàgbà sára rẹ̀: 14 µM (máíkírómólà). Mo gbà á gbọ́. Ta ló máa rí nọ́ńbà lára túùbù tó máa rò pé wọn ò wọ̀n ọ́n dáadáa?

Wọ́n wọ̀n ọ́n o. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ UV-Vis, wọ́n ka bó ṣe ń mu ìmọ́lẹ̀ tó ní 280 nm (gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ nìyẹn), wọ́n rí 0.62, wọ́n fi 43,824, nọ́ńbà tó ń sọ bí BSA ṣe ń mu ìmọ́lẹ̀ yẹn tó, pín in, ó tán. Ẹ gbà mí o! Ṣé aró yẹn ò sí nínú omi náà ni? Lóòótọ́, tryptophan àti tyrosine, méjì lára àwọn amino acid tí wọ́n fi mọ purotéènì, máa ń mu ìmọ́lẹ̀ ní 280. Àmọ́ FITC náà ń mu tiẹ̀ níbẹ̀! Ní nǹkan bíi 495 ló ti ń mu ún jù, ṣùgbọ́n bó bá mu 1 níbẹ̀, á mu bíi 0.30 ní 280. Ẹni tí ò yọ èyí kúrò, aró ló ń kà mọ́ purotéènì.

L'Ọ́jọ́bọ̀, mo tún un kà fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú iná lọ kí gílóòbù ẹ̀rọ náà tó gbóná tán, mo sì ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kúfẹ́ẹ̀tì quartz (ife kékeré tí à ń rọ omi náà sí) kan ṣoṣo la ní, torí ike lásán ò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ 280 kọjá. Ní 495, 1.10. Ìyẹn já sí 0.33 tí a máa yọ. 0.62 di 0.29. 6.6 µM péré! Kò tó ìdajì ohun tí wọ́n kọ! Aró tí wọ́n sì ní kò ju bí ẹyọ kan lọ lára purotéènì kọ̀ọ̀kan, ó lé ní méjì. Gbogbo ohun tí mo ti pò láti ọ̀sẹ̀ méjì, òfo.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Àbúrò, fara balẹ̀, ó ṣáà súnmọ́ ọn." Ó súnmọ́ kí ni? Ẹ lọ ra kóńgò gàárì kan ní Bódìjà, kí ẹ délé kí ẹ bá iyanrìn tó ju ààbọ̀ lọ nínú rẹ̀, ṣé ẹ máa gbà kí ìyá onígàárì sọ fún yín pé ó súnmọ́ ọn?

Mo bẹ yín, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sára túùbù, ti 280 àti ti aró. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ ti yọ aró tí kò lẹ̀ mọ́ purotéènì dànù kí ẹ tó kà á, torí ìyọkúrò kankan ò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín aró tó lẹ̀ mọ́ ọn àti èyí tí kò lẹ̀.

Túùbù mẹ́fà míì ṣì wà nínú fírísà tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló kọ ọ́. Gbogbo ẹ̀ pátá ni màá tún kà lọ́la, bí iná bá wà.