Ta ló sọ pé orí Google ni gbogbo nǹkan wà?

Ọ̀rọ̀ náà ti di orin lẹ́nu tọmọdé tàgbà: "Kí lèèyàn tún ń wá lọ sí ilé ìkàwé? Ṣebí gbogbo nǹkan ló wà lórí Google." Wọn kì í sọ ọ́ bí ẹni tó ń dá àbá, bí ẹni tó ń ka òfin ni wọ́n ń sọ ọ́. Tí ẹ bá wá nawọ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ilé ìkàwé, wọ́n á ní ẹni tí kò ní fóònù tàbí ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán ni wọ́n wà fún.

Mi ò ní í sọ pé irọ́ ni látòkè délẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ olú ìlú orílẹ̀-èdè kan, tàbí bí wọ́n ṣe ń so táì, kò nílò ilé ìkàwé. Àmọ́ tọ́rọ̀ bá ti kọjá ìyẹn, tó di pé akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, tàbí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ àìsàn kan fúnni tí a sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn olùṣèwádìí rí nípa rẹ̀, tàbí à ń wá orúkọ bàbá ńlá ẹni nínú àkọsílẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìgbàgbọ́ yìí á máa fìyà jẹ èèyàn láìmọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Google kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó ìwé sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó rán àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan káàkiri, kí wọ́n máa gba orí líǹkì kan bọ́ sórí òmíràn, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Tí wọ́n bá kan ojú ewé tó ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù, wọ́n á ṣẹ́rí padà. Tí wọ́n bá kan èyí tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí kan kí àkọsílẹ̀ tó yọ, ìyẹn náà sábà máa ń ṣókùnkùn sí wọn. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé gbà kí Google Scholar, ẹ̀ka Google tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí, tó jáde lọ́dún 2004, wo inú àwọn jọ́nà wọn, ìyẹn ìwé ìwádìí tó ń jáde lásìkò dé àsìkò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni wọ́n gbà láyè, wọn ò gba ẹ̀yin láyè. Tí ẹ bá tẹ líǹkì náà, àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé àti àkótán ìlà mélòó kan lẹ máa bá, pẹ̀lú bọ́tìnì tó ń béèrè owó nísàlẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn èèyàn rò pé ilé ìkàwé ló ń sáré tẹ̀ lé Google. Ọdún 1998 ni wọ́n dá Google sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Dialog ti ń ta iṣẹ́ ìṣàwárí nínú dátábéèsì, ìyẹn àkójọ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè wá nǹkan nínú rẹ̀, láti 1972. Lexis, dátábéèsì òfin tí àwọn agbẹjọ́rò ń lò, dé lọ́dún 1973. Tim Berners-Lee kò tíì gbé àbá tó di World Wide Web, ìyẹn àwọn ìkànnì tí à ń ṣí lónìí, kalẹ̀ nígbà náà, 1989 ló tó ṣe ìyẹn. Nígbà yẹn, iye ìṣẹ́jú tí èèyàn bá lò lórí ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣírò owó, torí náà òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, ẹni tó ń wá nǹkan á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tó ń wá. JSTOR, tó kó àwọn jọ́nà àtijọ́ jọ láti ojú ewé àkọ́kọ́, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995. Ilé iṣẹ́ tó di ProQuest, tó ń ta dátábéèsì lónìí, ti wà láti 1938, fíìmù kékeré tí wọ́n ya ìwé sí ló ń tà nígbà náà. Oníbàárà tí irú àwọn ilé iṣẹ́ yìí mọ̀ jù ni ilé ìkàwé, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan wa.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé ti wọ inú ọ̀rọ̀ nìyí, ibẹ̀ ló sì dùn jù fún mi. Èèyàn kan náà lè tẹ ọ̀rọ̀ kan náà nílé, kó bá bọ́tìnì owó. Kó dé ilé ìkàwé, kó tẹ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, kí gbogbo àpilẹ̀kọ náà ṣí sílẹ̀ gbayawu láìsan kọ́bọ̀. Kì í ṣe idán. Nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà àdírẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IP. Nígbà tí ilé ìkàwé bá san owó ọdún, ó máa ń fún ilé iṣẹ́ dátábéèsì ní àwọn nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti orí nọ́ńbà yẹn wọlé, ẹnu ọ̀nà ti ṣí fún un. Bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tó jẹ́ pé nọ́ńbà ọkọ̀ ló ń wò ni, kò kàn án ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà àgbàlagbà tí lẹ́tà A ti pa rẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ yẹn lè ka ohun tí láptọ́ọ̀pù tuntun tó wà nílé yín kò lè kà.

Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé sì ti wá ọ̀nà kí èèyàn lè wọlé láti ilé. Ẹ ó lọ sí ìkànnì ilé ìkàwé náà, ẹ ó tẹ líǹkì dátábéèsì tó wà níbẹ̀, wọ́n á béèrè nọ́ńbà káàdì ilé ìkàwé yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò kan, bí EZproxy tó ti wà láti 1999, á dúró láàárín, á mú kó dà bíi pé inú ilé ìkàwé lẹ wà. Àṣìṣe tí àwọn èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á gba orí Google lọ sí ojú ewé dátábéèsì náà tààrà, wọ́n á bá ilẹ̀kùn títì, wọ́n á ní káàdì àwọn ò ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni kò dáa, káàdì kò ní ẹ̀bi.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń ṣí láti ilé, ṣá o. Ancestry Library Edition, tí àwọn tó ń wá ìtàn ìdílé fẹ́ràn, ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún ilé ìkàwé ni, inú ilé ìkàwé ni wọ́n sì sábà fi mọ. Ẹni tó bá fẹ́ ti ilé lò ó á san owó tirẹ̀. Ọ̀kan tún nìyí: The Times ti ìlú London ti ń jáde láti ọdún 1785. Ojú ewé àtijọ́ wọ̀nyẹn, pẹ̀lú ìpolówó ọjà àti ìròyìn ikú inú wọn, wà nínú dátábéèsì kan tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìgboro ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sanwó fún. Ẹni tó ní káàdì á kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀ pé káàdì tí àwọn fi ń yá ìwé ọmọdé lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Àwọn kan ti kúrò lórí Google báyìí, wọ́n ní ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ àtọwọ́dá làwọn ń bi. Ó dáa, àmọ́ ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New York lọ́dún 2023. Àwọn agbẹjọ́rò méjì kó ìwé lọ sílé ẹjọ́, wọ́n tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT kó fún wọn. Agbẹjọ́rò àwọn tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ wá àwọn ẹjọ́ náà títí, kò rí wọn, torí pé kò sẹ́ni tó dá wọn rí. Ẹ̀rọ ló hun wọ́n. Adájọ́ ní kí wọ́n san owó ìtanràn $5,000. Bí wọ́n bá ti tẹ orúkọ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú dátábéèsì òfin kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àṣírí ì bá fi tú sí wọn lọ́wọ́. Èmi máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n bi ẹ̀rọ léèrè tó bá wù wọ́n, àmọ́ àkọlé tó bá fún wọn, kí wọ́n lọ wò ó bóyá ó wà.

Ìdí kan tí ìgbàgbọ́ yìí fi lágbára ni pé ọ̀pọ̀ ló ti gbìyànjú dátábéèsì lẹ́ẹ̀kan, tí kò rí nǹkan gidi, tó wá gba ibẹ̀ sọ pé Google sàn jù. Mo mọ ohun tó fà á. Wọ́n lò ó bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá fóònù ń ba oorun àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jọ́nà wọ̀nyí, torí náà ó tẹ: does using phone at night affect the sleep of teenagers. Google á túmọ̀ ohun tó ní lọ́kàn fún un. Dátábéèsì púpọ̀ kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀, á máa wá ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ti pàdé, bóyá á rí mẹ́ta tàbí òfo.

Ẹ lọ sí ibi ìṣàwárí tó jinlẹ̀ (Advanced Search), ibi tí wọ́n ti fún yín ní àpótí mẹ́ta. Nínú èkíní, ẹ tẹ smartphone OR "mobile phone". Nínú ìkejì, sleep. Nínú ìkẹta, adolescen* OR teenager*. Kí àárín àwọn àpótí náà jẹ́ AND. OR ń fẹ èsì lójú, ó ní èyí tàbí ìyẹn, mo gbà. AND ń fún un pọ̀, ó ní gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà. Àmì àyọlò (" ") lápá méjèèjì ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ kí wọ́n má bàa tú ká. Ìràwọ̀ (*) yẹn á kó adolescent, adolescents àti adolescence wá lẹ́ẹ̀kan náà. NOT náà wà, ó ń yọ nǹkan kúrò, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún un, ó máa ń gbé rere pẹ̀lú búburú dànù. Ọ̀dọ̀ George Boole, onímọ̀ ìṣirò tó kú lọ́dún 1864, ni ọgbọ́n yìí ti wá, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan láyé nígbà tó ń rò ó.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ojú ewé. Ẹ fi àmì sí full text tí ẹ bá fẹ́ èyí tí ẹ lè kà tán. Ẹ fi àmì sí peer reviewed tí ẹ bá fẹ́ èyí tí àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ti yẹ̀ wò. Ẹ dín ọdún kù. Tí ẹ bá rí àpilẹ̀kọ kan tó bá a mu, ẹ má kọjá àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ subject, torí ọ̀rọ̀ tí dátábéèsì náà fúnra rẹ̀ ń lò nìyẹn. Ẹni tó ń wá heart attack lè rí i pé abẹ́ myocardial infarction, orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é, ni wọ́n tò ó sí, kó wá fi ìyẹn wá a lọ́tun. Èsì á yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ má sì da líǹkì tó wà lókè bíráúsà kọ sílẹ̀. Ó máa ń kú tí ẹ bá ti jáde. Ẹ wá bọ́tìnì permalink, ìyẹn líǹkì tí kì í yí padà, tàbí kí ẹ fi àpilẹ̀kọ náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín látinú dátábéèsì.

Ní ti kọ̀ǹpútà ọ̀hún fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ẹnì kan, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fi ètò kan sí tó ń dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pa wọ́n tí wọ́n sì tún wọn tàn. Iṣẹ́ tí ẹ bá fi sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ yẹn lè lọ bẹ́ẹ̀, àkókò tí wọ́n fún yín sì lè pé lójijì. Fíláàṣì tàbí ímeèlì ni kí ẹ fi iṣẹ́ yín sí. Ẹ jáde kúrò nínú gbogbo àkántì yín kí ẹ tó dìde. Pípa fèrèsé bíráúsà nìkan kò tó. Àwọn tó gbójú lé incognito, ìyẹn fèrèsé bíráúsà tí kì í tọ́jú ìtàn ibi téèyàn lọ, kò ní í pa fáìlì tí ẹ ti gbà sórí ẹ̀rọ rẹ́, kò sì bo ibi tí ẹ lọ mọ́ ẹni tó ni nẹ́tíwọ̀kì lójú. Ọ̀rọ̀ báńkì, ẹ fi í sílẹ̀ di ilé.

Kí n má jẹ gbèsè òdodo: ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ń pọ̀ sí i. PubMed, àkójọ ìwádìí ìṣègùn, ti ṣí sílẹ̀ láti 1996, PubMed Central tó ní àpilẹ̀kọ odindi tẹ̀ lé e lọ́dún 2000, DOAJ tó ń to àwọn jọ́nà ọ̀fẹ́ dé lọ́dún 2003. Hinari, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, ń jẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí rí jọ́nà ìlera kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ wo bó ṣe rí, ṣá: Hinari náà, ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ló ń forúkọ sílẹ̀ fún un, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ibẹ̀ ni páásíwọ́ọ̀dù sì sábà máa ń wà.

Tí ẹ bá dé ilé ìkàwé tó sún mọ́ yín, ẹ má béèrè pé "ṣé ẹ ní íntánẹ́ẹ̀tì?" Ẹ béèrè pé àwọn dátábéèsì wo ni wọ́n ń sanwó fún, èwo nínú wọn ló ń ṣí láti ilé, èwo ni inú ilé nìkan. Ilé ìkàwé míì kò ní ju ẹyọ kan lọ, òmíràn kò ní rárá, òmíràn sì ní ọ̀pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Tí àpilẹ̀kọ tí ẹ ń wá kò bá sí nínú tiwọn, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè bá yín gba ẹ̀dà rẹ̀ láti ilé ìkàwé míì. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, orí ímeèlì yín ló sì sábà máa ń dé sí.