Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, Tiwa Náà Ni ní Ìkòròdú

Lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, a wà níbi ìnáwó òkú àgbà kan ní Ìta-Ẹlẹ́wà. A ti jẹun tán, wọ́n ń pín omi, àwọn eléré sì ń to irin iṣẹ́ wọn lọ́wọ́. MC ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi dí àlàfo. Ló bá gbé máíkì sẹ́nu: “Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí orí yín wú! Kí òyìnbó Faransé tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tẹlifíṣọ̀n, Awólọ́wọ̀ ti gbé e dé Ìbàdàn!” Ariwo sọ. Ọkùnrin tá a jọ jókòó nídìí tábìlì kan náà dìde, ó ṣí fìlà, ó tún un dé, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí.

Èmi ò pariwo. Mo kàn rọra sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, irọ́ nìyẹn o. Ọdún 1935 ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Paris.”

Ó wò mí bí ẹni tó tutọ́ sínú ọbẹ̀. “Àbúrò, ẹgbẹ́ òṣèlú wo lẹ wà ná?”

Ẹ gbọ́, mo fẹ́ràn Awólọ́wọ̀. Mo tètè sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wá òkúta tí wọ́n máa sọ lù mí. Iléèwé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìyá mi lọ tó fi mọ̀wé kà, ìyá mi ló sì kọ́ èmi ní a, b, d. Mi ò lè torí ìyẹn pa irọ́ fún bàbá náà. Ohun tó ń dùn mí gan-an ni pé òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí dùn ju irọ́ MC lọ fíìfíì, a ò kì í sì í sọ ọ́.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, n'Ìbàdàn. Òmìnira ṣì ku oṣù mọ́kànlá. Awólọ́wọ̀ ṣì ni olórí ìjọba. Ó kù díẹ̀ kó gbé e lé Akíntọ́lá lọ́wọ́. Obìnrin àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ hàn níbẹ̀ ni Aníkẹ́ Àgbájé-Williams. MC ò dárúkọ rẹ̀. Ní gbogbo ìnáwó tí mo ti jókòó sí láyé mi, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ rẹ̀ nínú máíkì, bẹ́ẹ̀ Faransé tí kò kàn wá ni wọ́n ń pariwo. Ní 1959 yẹn, tẹlifíṣọ̀n Faransé ti lé ní ogún ọdún. Ti London náà ti wà láti 1936. Tí ọmọ ìwé kan bá lọ sọ ọ̀rọ̀ MC yẹn níwájú àlejò, àwọn tó gbọ́ ò ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ wa gbọ́ mọ́.

Àwọn míì máa ń ní WNTV ni “àkọ́kọ́ ní Áfíríkà.” Ìyẹn wá le díẹ̀, torí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló fi ṣe àkọmọ̀nà. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ Faransé kan ti ń gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́ ní Morocco lọ́dún 1954, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tó fi kógbá wọlé. Lọ́dún 1956, Faransé tún gbé òmíràn dé Algeria. Ẹ̀gbọ́n tábìlì wa ní, “Ìyẹn kò kàn wá, àwọn òyìnbó ló ń ṣe é fún ara wọn.” Mo gbà fún un. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà: nínú àwa aláwọ̀ dúdú, Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ní i, ìjọba tí aláwọ̀ dúdú ń darí ló sì ṣe é. Íjíbítì dé lẹ́yìn wa, ní 1960. South Africa tó lówó tó yẹn, ọdún 1976 ni tiwọn tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wo WNTV ti di bàbá àti ìyá ọmọ. Ṣé ìyẹn ò tó yangàn ni?

Ẹ jẹ́ n padà síbi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣù Kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó, ó ní kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ tó bá di 1956. Àwọn aṣojú Àríwá ní àwọn ò tíì ṣe tán. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àwọn mínísítà tí Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, ní nínú ìjọba àpapọ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀, títí kan Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Gómìnà òyìnbó, Sir John Macpherson, bá bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó da ẹ̀bi bo ẹgbẹ́ náà lórí létí gbogbo ayé. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà wá fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n ní kò sí àyè.

Kí ni àwọn bàbá wa ń pe rédíò? Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Àpótí onígi tí wọ́n fi wáyà fà wọ ilé, tó ń sọ tẹnu ìjọba láàárọ̀ lálẹ́, tí o ò lè bi í léèrè ohunkóhun. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ yẹn kò mọ̀ pé òun ń sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ìjà Awólọ́wọ̀ àti Macpherson, lórí èsì yẹn gan-an ni. Nígbà tí òfin ìlú ọdún 1954 wá fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè láti ní iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tirẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn ò jáfara. Nítorí náà, ìbínú wà nínú tẹlifíṣọ̀n tí MC ń yangàn sí yẹn. Wọ́n ní kí ọkùnrin kan má fèsì, ó lọ ra ẹnu tirẹ̀.

Àwọn kan sì máa ń ní owó kókó nìkan ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ òyìnbó pamọ́: ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti iléeṣẹ́ kan láti ìlú London, Overseas Rediffusion, ni wọ́n jọ ṣe é pọ̀. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba gbogbo rẹ̀ nígbà tó yá ni. Kò bu ọlá ẹnikẹ́ni kù.

Èyí tó bí mi nínú jù lọ lọ́jọ́ náà, ẹnu ọmọ kékeré kan tó ń pín omi fún wa ló ti jáde. Ó ní, “Ṣebí ti àwọn ará Ìbàdàn nìyẹn, àwa ará Èkó ńkọ́?” Mi ò dá a lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ní 1959, Ìkòròdú kì í ṣe ara ìpínlẹ̀ kankan tó ń jẹ́ Èkó. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni wá, àwa àti Ẹ̀pẹ́ àti Badagry, ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n tó kó wa mọ́ Èkó. Ìbàdàn là ń sin owó orí wa sí. Ọmọ Ìkòròdú níbí, Olóyè S. O. Gbàdàmọ́sí, ni akápò ẹgbẹ́ Action Group. Ẹ wá sọ fún mi bí tẹlifíṣọ̀n yẹn ṣe jẹ́ ti aládùúgbò. Tiwa ni. A ní ìpín nínú rẹ̀, bí ẹni tó ní ìpín nínú ilé ẹbí tí kò gbé inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni mo gba Sábó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Onírédíò. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú, kí wọ́n tó padà wálé wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ta ohunkóhun. Ní kọ̀rọ̀ kan, lẹ́yìn fáànù mẹ́ta tí kò níyẹ̀ẹ́, tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn kan wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní bí àga. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n fi okùn bàtà so ó mọ́ ẹsẹ̀ kan. Bàbá ní kí n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú síta. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku, wọ́n tú ìdè mẹ́rin, wọ́n sì fi ìka hàn mí: àwọn gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò bí ìgò oògùn, ọ̀kan ti dúdú nínú.

“Ìwọ̀nyí ló ní láti gbóná kí àwòrán tó yọ,” wọ́n ní. “Wàá tan án, wàá lọ tọ̀, wàá dé, kò tíì yọ.”

Wọ́n ní nírọ̀lẹ́, ọ̀gá wọn á yí ojú tẹlifíṣọ̀n kan sí títì, èrò á kún títí dé ọ̀nà, awakọ̀ á máa fọn fèrè, kò sẹ́ni tó máa yà. Nígbà tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, bá yọ, wọ́n ní ẹ̀rín á gba gbogbo àdúgbò kan. Mo bi wọ́n pé ṣebí ẹ̀kọ́ ni ìjọba ní àwọn ṣe é fún. Bàbá ní òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe ètò fún iléèwé, ṣùgbọ́n fíìmù kábọ́ọ̀yì Amẹ́ríkà ló pọ̀. “Gbogbo wa là ń yìnbọn fi ìka.” Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fẹ́ ká sọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Ká sì sọ pé asọ̀rọ̀mágbèsì kò kú pẹ̀lú Macpherson. Nígbà tí ìjà bẹ́ sáàárín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, ẹni tó bá wà nílé ìjọba ló ni ẹnu iléeṣẹ́ Ìbàdàn yẹn, alátakò ò ráyè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 1965 fi ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kan gbé ìbọn wọ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, tó ní kí wọ́n fi téèpù tirẹ̀ rọ́pò ti Akíntọ́lá. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sí kóòtù lórí ẹ̀, kóòtù sì dá a sílẹ̀. Àwọn kan máa ń ní tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbà lọ́jọ́ yẹn. Rédíò ni.

Ìjọba ológun ló wá kó gbogbo rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1977, òfin tó dá NTA sílẹ̀ fi WNTV sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, orúkọ náà sì parẹ́. Ìgbà tí ìpínlẹ̀ tún láṣẹ láti ní tiwọn ni Jákàńdè dá tẹlifíṣọ̀n Èkó sílẹ̀ ní 1980, Lagos Weekend Television, èyí tí èmi bá. Èmi ni mo máa ń yí ọparun ańtẹ́nà nílé wa ní Àgà. Màá di ọparun mú lẹ́yìn ilé, bàbá mi á jókòó ní pálọ̀, àbúrò mi á dúró lójú fèrèsé gẹ́gẹ́ bí agbẹnusọ. “Ṣé ó ti ń hàn?” “Ó kù díẹ̀! Sọ́wọ́ ọ̀tún! Ó ti lọ! Padà, padà!” Òjò funfun á máa rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n títí ìròyìn á fi tán. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní Ìkòròdú kan náà yìí ni àwọn òpó gàgàrà rédíò Voice of Nigeria wà nígbà náà, tó ń gbé ohùn Nàìjíríà lọ sókè òkun, àwa tó wà nídìí rẹ̀ ń bá ọparun jà.

Mo sọ ọ̀rọ̀ MC fún Bàbá Onírédíò. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n ní, “Ta ló tọ́jú ohun tó máa fi mọ̀?” Wọ́n ní púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, bó ṣe ń jáde ló ń lọ, kò sí téèpù tó gbà á sílẹ̀. Èèyàn ló kù tó rí i. Wọ́n ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lórí ìka. Méje ni wọ́n. Ìka méjì ló ṣẹ́kù sókè nígbà tí wọ́n kà á tán, ọ̀kan sì jẹ́ tiwọn.

Mo tún padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo gbé fóònù mi lé orí tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn yẹn, mo fi páálí gbè é lẹ́yìn kó má ṣubú, mo kọjú rẹ̀ sí wọn. Wọ́n gbé fìlà wọn tún dé, wọ́n wo fóònù náà fún ìgbà díẹ̀.

“Ṣé ó ti ń hàn?”

“Ó ń hàn dáadáa, sà.”

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀gá wọn, tí kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tẹlifíṣọ̀n.