Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ páìpù ọ́ìlì jíà yín o

Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tẹ́ẹ sọ pé kí onípíkọ́ọ̀pù tó ní jíà ọtọmátíìkì yọ páìpù ọ́ìlì jíà kúrò lára rédíétọ̀, ìyẹn ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, kó so ẹnu méjèèjì pọ̀ kí omi má baà wọ jíà, kò dáa rárá. Òótọ́ ni pé rédíétọ̀ tó bá jò nínú lè da omi mọ́ ọ́ìlì, mi ò jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọ́ìlì yẹn ti ń tutù! Ẹ wá di iṣu kún ẹ̀yìn Hilux, kẹ́ẹ há sínú gosiló Zuba lóṣù kẹta tí oòrùn Àbújá ń jó ni, ibo ni ooru yẹn fẹ́ gbà jáde? Tó bá ti kọjá bíi 120°C, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Tí jíà yín bá ní géèjì, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì, ẹ fà á yọ, ẹ nù ún sí tíṣù funfun, ọ́ìlì tó dáa sábà máa ń pupa, tó bá ti dúdú tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, wàhálà ti dé nìyẹn. Rédíétọ̀ tẹ́ ò bá fọkàn tán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, tàbí kí wọ́n de kúlà ọ̀tọ̀ tó ń mú ọ́ìlì jíà tutù síwájú rẹ̀, kẹ́ẹ sì máa fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára ẹ̀.