Ẹ Ri Òpó Fọ́líbọ́ọ̀lù Padà Sí Ọgbà Ilé Ẹ̀kọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Lọ́dún 2021, àwọn ọmọkùnrin Nàìjíríà tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 19 lọ sí Tehran, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Iran, láti bá àwọn ẹgbẹ́ wọn káàkiri àgbáyé díje nínú fọ́líbọ́ọ̀lù. Poland ló gba ife, Bulgaria ṣe ìkejì, Iran tó gbà wọ́n lálejò ṣe ìkẹta. Níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Sábó títí dé Ọjà Igbó, ẹ bi èèyàn mẹ́wàá léèrè, bóyá lẹ ó fi rí ẹnì kan tó mọ̀ pé àwọn ọmọ wa débẹ̀. Ká ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, gbogbo ilé ìwòran ìlú yìí ì bá kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, a ò sì fẹ́ fi pa mọ́.

Eré tí ọmọ kò gbá rí nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe wọ̀ ọ́ lọ́kàn?

Nílé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, òpó irin méjì wà lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún mọ ohun tí wọ́n rì wọ́n síbẹ̀ fún. Ọ̀kan ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn tí wọ́n so mọ́ wọn báyìí, aṣọ ni wọ́n ń sá sí i. A bá àwọn ọmọ kan níbẹ̀ nígbà tí ilé ìwé jáde, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà kọjá lórí okùn aṣọ náà. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń fò bí ìgalà. Ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀léra ló gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè gbé e. Kò sí olùkọ́ nítòsí tó máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbẹ̀yìn ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì tíì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè kan ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí, bí a kò bá ṣọ́ra.

Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1989. Dubai làwọn ọmọkùnrin ti gbá tiwọn, Brazil làwọn ọmọbìnrin ti gbá tiwọn, Soviet Union ayé ìgbà náà ló sì kó ife méjèèjì lọ sílé. Nínú gbogbo ìtàn rẹ̀ láti ìgbà náà wá, ti Iran ló máa ń wọ̀ wá lára jù. Lọ́dún 1997, Iran gba àlejò ìdíje àwọn ọmọkùnrin ní Tehran, Italy ló sì gba ife náà lójú wọn. Wọn ò torí ẹ̀ tú àwọ̀n wọn ká. Nígbà tó di 2007, àwọn ọmọ Iran gba ife náà ní Mexico. Ọdún 2016 ni ẹgbẹ́ àgbà wọn kọ́kọ́ dé Olympics, ní Rio, ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni àwọn ọmọdé wọn tún gba ife lẹ́ẹ̀kejì. Èèyàn ń gbìn, ó ń kórè, ó sì tún ń gbìn.

Ti Poland tún hàn kedere sí i. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wọn tó gba ife ní Argentina lọ́dún 2015 ní Jakub Kochanowski, Bartosz Kwolek àti Tomasz Fornal nínú. Lọ́dún 2017, ìran kan náà gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 21. Lọ́dún 2018, Kochanowski àti Kwolek wà nínú ẹgbẹ́ àgbà tó na Brazil 3-0 ní Turin láti di ọ̀gá àgbáyé. Kochanowski àti Fornal sì gba fàdákà ní Olympics Paris lọ́dún 2024. Àjọ fọ́líbọ́ọ̀lù ilẹ̀ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Spała, níbi tí ọmọ ti ń kàwé tó sì ń kọ́ eré náà pọ̀.

Àwa ńkọ́? Ẹgbẹ́ àgbà Nàìjíríà, lọ́kùnrin lóbìnrin, kò tíì dé Olympics nínú fọ́líbọ́ọ̀lù inú gbọ̀ngàn rí. Bí a kò bá gbin èbù, iṣu wo la fẹ́ wà?

Ohun tí a ń bèèrè kò tó ohun tí ìjọba máa torí ẹ̀ yáwó. Pápá fọ́líbọ́ọ̀lù kò ju mítà 18 ní gígùn àti 9 ní fífẹ̀ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù jẹ pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ tán ṣì ní àyè tó tó bẹ́ẹ̀. Òpó méjì, àwọ̀n kan, bọ́ọ̀lù díẹ̀, ẹfun tí a ó fi fa ilà, ó parí. William Morgan tó dá eré náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1895, àwọ̀n tẹ́nìsì lásán ló so kọ́.

Ọ̀ffà ní ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù tó ń gbá ní líìgì orílẹ̀-èdè. Àkúrẹ́ ní Sunshine Spikers. Ìlọrin, tí kò jìnnà sí wa rárá, ti gba àlejò Ìdíje Àwọn Ọ̀dọ́ Orílẹ̀-èdè nínú ọgbà yunifásítì rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kí ló dé tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété yóò máa wo ẹ̀yìn wọn?

Àwọn òbí kan yóò ní ìwé ni káwọn ọmọ dojú kọ, pé WAEC kò béèrè fọ́líbọ́ọ̀lù. A gbọ́ wọn. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kò gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, àwọn ọmọ Spała náà ń ṣe ìdánwò tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀, a ò sì ní gbójú fò ó. Ẹgbẹ́ tí a bá ṣà jọ láti ojú títì, àfidéfíìtì la ó máa fi wá ọjọ́ orí wọn. Ọmọ tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ wá, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú rẹ́jísítà láti JSS 1, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n, àwọn ará àdúgbò mọ ọdún tí wọ́n bí i.

Nítorí náà, à ń sọ fún ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kó dá ìdíje fọ́líbọ́ọ̀lù àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní gbogbo ẹkùn wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, kó sì gba olùkọ́ eré ìdárayá sí ibi tí kò ti sí. Kí ìjọba ìbílẹ̀ márààrún, Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, Oríire, Ògo Olúwa àti Súrùlérè, ri òpó àti àwọ̀n sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ wọn. Kí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń kọ́ géètì kiri ilé ẹ̀kọ́ wọn náà ra bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó bá yege nínú ìdíje náà sílẹ̀ lọ́dọọdún, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, kí ìwé náà wà níbi tí ẹni tó ń wá ọmọ fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ti lè rí i.

Oṣù Kẹsàn-án làwọn ọmọ máa wọlé fún sáà tuntun. Ọmọbìnrin tí a rí lọ́jọ́ náà kò gbọdọ̀ bá okùn aṣọ níbẹ̀ mọ́.