Èsì wa sí oníbàárà tó ra idà wakizashi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ èrò yín síbí nípa wakizashi tí ẹ rà, ìyẹn idà kúkúrú ilẹ̀ Japan, mà. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Ẹ ní irin tó wọnú èèkù ti dípẹtà, tsuba (irin pẹlẹbẹ ẹnu èèkù tó ń dáàbò bo ọwọ́) dúdú, kò dán, kò sórúkọ alágbẹ̀dẹ, ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀, ìyẹn èèkù, àkọ̀ àti tsuba, kò sì dàgbà tó ojú idà. Ẹ wá ní ẹ máa fi oògùn tí wọ́n fi ń mú idẹ dán fọ gbogbo rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ló jẹ́ ká tètè dáhùn: ẹ dákun, ẹ má fọ̀ ọ́.

Tsuba yẹn ò dọ̀tí. Shakudo ni: bàbà tí wọ́n yọ́ wúrà díẹ̀ mọ́, tí wọ́n wá sè nínú omi oògùn títí ara rẹ̀ fi dúdú bí aró. Dúdú yẹn gan-an niṣẹ́ ọnà. Ó fẹ́lẹ́ púpọ̀. Ẹ bá fi oògùn yẹn nù ún, bàbà pupa ló máa yọjú, òdòdó wúrà orí rẹ̀ ò sì ní hàn dáadáa mọ́, torí dúdú ló ń gbé wúrà yọ.

Ìpẹtà inú èèkù ńkọ́? Òun làwọn tó mọ idà kọ́kọ́ ń wò láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó bá ha á kúrò ti ba ẹ̀rí jẹ́, owó idà náà á sì já wálẹ̀.

Ní ti orúkọ, ihò méjì wà lára irin yẹn. Wọ́n ti gé idà náà kúrú rí, ìdí rẹ̀ ni wọ́n sì ń gé, níbi tórúkọ máa ń wà. A kọ èyí sábẹ́ àwòrán rẹ̀ lọ́jà wa. Lójú wa, idà tí kò lórúkọ sàn ju èyí tí wọ́n fín orúkọ èké sí, irú ẹ̀ sì pọ̀ níta.

Òótọ́ lẹ sọ nípa ẹ̀ṣọ́. Láyé Edo ní Japan (1603–1868), èèyàn lè jogún ojú idà lọ́dọ̀ bàbá ńlá rẹ̀, kó sì pààrọ̀ èèkù, àkọ̀ àti tsuba bí oge ìgbà bá ṣe yí. Lẹ́yìn òfin 1876 tó ní káwọn samurai, jagunjagun ilẹ̀ Japan, má gbé idà rìn nígboro mọ́, wọ́n tú ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ kúrò lára idà, wọ́n sì tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Tiyín ṣì wà papọ̀.

Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ mọ́, ẹ dá a padà bó ṣe wà, a ó san owó yín pé. Bí ẹ bá máa tọ́jú rẹ̀, ẹ má fìka kan ojú irin. Aṣọ rírọ̀ tó mọ́ àti òróró ìtọ́jú idà díẹ̀ ti tó fún un.