Èmi, Orókún Mi, àti Skútà Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́nikẹ́ni bá rí fídíò obìnrin kan tó ń fìdí jó nínú páàkì láìsí ìlù, tó dúró sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí irin náà ò sì kúrò lójú kan, ẹ má fọ́wọ́ọ̀dù ẹ̀ o. Èmi ni. Mo ti ń bẹ̀ yín tẹ́lẹ̀.

Orókún ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mọ ṣíìfù alẹ́, mi ò ní ṣàlàyé. Dókítà ní kí n máa ṣe eré ìdárayá àmọ́ kí n má sáré, torí bẹ́sẹ̀ ṣe máa ń gbá ilẹ̀ yẹn, orókún mi ò lè gbà á mọ́. Ni mo bá rántí nǹkan kan tí mo rí tí òyìnbó àgbàlagbà kan ń gùn, ó ń yọ́ lọ bí ejò, kò fẹsẹ̀ ta ilẹ̀, kò sí pẹ́dà, kò sí ṣéènì, kò sí ẹ́ńjìnnì, ara lásán ló fi ń wà á. Ọmọ Brazil kan tó ń jẹ́ Gildo Beleski ló ṣe irú ẹ̀ tó ń jẹ́ Trikke. Mo ní èyí mà rọrùn o, ṣebí ara nìyí, ọ̀fẹ́ ni.

Mo wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ṣe ìwádìí bí ẹni tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ. Èyí tó ní wíìlì kéékèèké, tó jẹ́ rọ́bà líle, ó ń yọ́ dáadáa lórí ilẹ̀ tó dán, àmọ́ gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ tó bá gùn ló máa lọ ròyìn fún eyín ẹ. Aláfẹ́fẹ́ ló fara da ọ̀nà gbágungbàgun, ó kàn wúwo ni, èmi náà ni mo sì máa gbé e gun àtẹ̀gùn. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé ká, torí yàrá tí mò ń gbé, tí mo bá na apá méjèèjì, mo ti kí ògiri méjèèjì. Wọ́n tún ní kéèyàn wo ìwọ̀n tó lè gbé. Ibẹ̀ ni mo ti parọ́, ìwọ̀n tí mo wọ̀n lọ́dún tí mo dé ni mo lò, kí n tó rántí pé irin kì í gba irọ́, mo lọ yí i padà. Aláfẹ́fẹ́ ni mo mú.

Mo wá ṣèèṣì sọ fún Bọ̀dá mi nílé pé mo ra nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

"Kẹ̀kẹ́ akérò! O káre! Tètè fi ránṣẹ́, mo ti rí ẹni tó máa wà á."

Mo ní Bọ̀dá, rárá o, eré ìdárayá ni. Wọ́n dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn débi pé mo rò pé káàdì tán. Wọ́n ní, "Páànù ilé ń jò, ìwọ ń ra ohun ìṣeré."

Ó dáa. Ọjọ́ Sátidé, mo dé páàkì. Fídíò ní kò le: yí ọwọ́ síbì kan, fi ara tẹ̀ síbẹ̀, tó bá ti fẹ́ dúró, yí i sódìkejì, wíìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní kúrò nílẹ̀. Mo tẹ̀ sọ́tùn-ún, mo tẹ̀ sósì, mo fìdí, mo làágùn, ogún ìṣẹ́jú kọjá, mo wẹ̀gbẹ́, bẹ́ǹṣì tí mo ti gbéra ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ kan tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ fi skútà tiẹ̀ yí mi ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ajá kan jókòó, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò mí, wọ́n fa okùn ẹ̀, kò dìde.

Bí mo ṣe ní kí n sún díẹ̀ síwájú báyìí, àṣé ibi tó dà gẹ̀rẹ́ ni. Irin gbéra! Ẹ̀yin èèyàn mi, ó gbéra! Lẹ́tà S ni nǹkan yìí máa ń kọ sílẹ̀ tó bá ń lọ, gbogbo fífẹ̀ ọ̀nà ló ń lò. Oníkẹ̀kẹ́ yà sígbó. Ìyá tó ń ti ọmọ yà sígbó. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà fò (lánàá tí mo sọ ọ́ méjì ni wọ́n). Mi ò lè búra pé hẹlikópítà tó kọjá lókè kì í ṣe tìtorí mi ló ṣe wá. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún, nǹkan tí mo kì sétí láti fi gbọ́ ìpè sì gbé e fúnra ẹ̀.

"Àbúrò, ṣó o rí mẹ́sééjì mi? Ò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣé ibi iṣẹ́ lo wà? Ọlọ́run á fún ẹ lókun. Gbogbo owó tó o fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ẹ̀ lo máa rí."

"Àmín, Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n—"

"O ò ní ṣubú nílẹ̀ àjèjì!"

"Àmííííín!"

Bíréékì méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wíìlì ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, ṣe lèèyàn ń tẹ méjèèjì pọ̀. Ọwọ́ mi kan wà létí, mò ń wá ibi tí mo máa tẹ̀ láti gé ìpè. Ẹyọ kan ni mo tẹ̀. Irin yí padà, ó kọjú síbi tó ti wá, èmi ò yí padà, inú ọgbà òdòdó ni wọ́n ti bá mi.

Ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ yẹn ló kọ́kọ́ dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò mí, ó ní, ṣé orókún ẹ ń dùn ẹ́?

Ọdún 11 ni mo ti ń bẹ níbí. Páànù ń jò, mo gbọ́. Ọkọ̀ kọṣẹ́, mo gbọ́. Gbogbo ohun tó ń jò, tó ń kú, tó ń bà jẹ́ ni wọ́n ti fi pè mí, kò sẹ́ni tó tíì bi mí léèrè orókún. Omi kàn bọ́ lójú mi. Ọmọ yẹn rò pé ìrora ni, ó sáré lọ pe màmá ẹ̀. Bọ̀dá yìí kan náà mà ni, tí mo bá ṣubú ní kékeré, á tu itọ́ sọ́wọ́, á fi pa orókún mi, á ní ó ti tán, dìde. Ó sì máa ń tán lóòótọ́. Inú ń bí mi sí wọn, mo tún ń tẹ́tí bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n wà. "Hẹ́lò? Hẹ́lò? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín níbẹ̀ yẹn ò dáa o."

Ọmọ yẹn padà dé pẹ̀lú ìyá ẹ̀, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé ìdí nìkan ni mò ń fì, èjìká dà? Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo ti ń yí odò inú páàkì ká báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, ikùn, apá, itan, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, orókún ò ráhùn. Òkè nìkan ni ò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Tí mo bá débi tó gòkè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í bí ọkọ̀ tó kú.

Aago méjì òru àná ni vọ́ìsì nóòtì Bọ̀dá wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́fà.

"Àbúrò, mo ti wo fídíò nǹkan ẹ yẹn. Kò burú. Aláfẹ́fẹ́ ni kó o rà fún mi, rọ́bà líle yẹn ò lè bá ọ̀nà tiwa lò. Wo ìwọ̀n tó lè gbé dáadáa o, mi ò rí bó o ṣe fi mí sílẹ̀ mọ́. Ohun kan péré ló kù tí mo fẹ́ bi ẹ́."

Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé fóònù mọ́tí.

"Ṣé kò ní máa dùn mí lórókún?"